Ajá Tó Bá Jẹ́ Orúkọ Rẹ̀ Ló Nílé

Èmi ni mo dá òfin náà. Ó yẹ kí n tètè sọ ọ́, nítorí àwọn kan nílùú wa ṣì ń sọ títí di òní pé dókítà ẹran tó wá láti Ìkọ̀lé ló dá a. Irọ́ ni. Ọkùnrin yẹn kò bá wa dá òfin kankan. Abẹ́rẹ́ ló gbé wá, abẹ́rẹ́ ló gbé lọ.

Àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba sílẹ̀ nígbà náà, fóònù alágbèéká kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa, èmi sì jẹ́ tíṣà tuntun tó rò pé òun gbọ́n. Ajá tó wà nígboro pọ̀ ju ọmọ tó wà ní kíláàsì mi lọ. Kì í ṣe pé ajá tiwa ń bímọ ju ti ìlú mìíràn lọ. Àwọn tó ni wọ́n ló ń tán. Ẹnì kan á kó lọ sí Èkó, á ní òun ń padà bọ̀ wá mú ajá òun. Kò padà wá mú ìyá rẹ̀, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti ajá. Ẹlòmíràn á kú. Ajá á jáde nínú ilé tó ti dá páro, á lọ máa sùn sídìí tábìlì àwọn alápatà, tàbí lábẹ́ ọkọ̀ ní gáréèjì, tàbí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, níbi tí bàbá tó ń lu agogo ti máa ń fi ẹsẹ̀ lé wọn láràárọ̀ kó tó wọlé lọ gbàdúrà.

Ó di ọjọ́ ọjà kan, ajá kan bu ọmọ kan jẹ lẹ́sẹ̀. Wọ́n gbé ọmọ náà lọ sí ọsibítù ní Ìdó, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ títí tó fi ń sá fún ẹnikẹ́ni tó bá wọ aṣọ funfun, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ yá. Ọba pe ìlú jọ. Olórí ọdẹ ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní, "Uṣẹ́ kékeré ni. Ìbọn wà, ẹ̀tù wà, ajá náà sì wà." Ó jókòó.

Ẹni tó dìde tẹ̀lé e ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí èmi ń pè ní Bàbá Àgbà. Wọ́n ti ṣe akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n òfin kò fẹ̀yìn tì lára wọn. Wọ́n ní, "Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ." Gbogbo ilé mi orí. Olórí ọdẹ ní òun kò ní fèrè. Bàbá Àgbà ní ohun tí àwọn ń wí gan-an nìyẹn, a kò tíì fun fèrè, a ti fẹ́ yìnbọn. Wọ́n ní kí ìlú fún àwọn ajá ní ọjà mẹ́fà, kí ilé tó bá lágbára láti bọ́ ajá mú ọ̀kan. Èyí tí kò bá rílé títí ọjà kẹfà, kí ọdẹ máa mú un lọ. Ìlú gbà. Wọ́n fi Bàbá Àgbà ṣe alága ìgbìmọ̀ ajá. Wọ́n fi èmi ṣe akọ̀wé, nítorí ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára, mi ò sì tíì lọ́kọ tí yóò máa pè mí wá se oúnjẹ.

Mi ò ní purọ́ mọ́ ìlú mi, wọ́n ṣiṣẹ́. Akéde lu agogo kiri gbogbo àdúgbò. Bàbá tó ń lu agogo ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà mú ọ̀kan lára àwọn tó ti ń fi ẹsẹ̀ lé, ó ní ó ti mọ̀ ọ́n lójú tẹ́lẹ̀. Fadá Kátólíìkì wàásù rẹ̀. Pasítọ̀ ìjọ kékeré kan mú méjì, ó ní oúnjẹ tí àwọn ọmọ ìjọ òun kò bá jẹ lọ́jọ́ ààwẹ̀, kí wọ́n gbé e wá fún ajá. Àwọn ọmọ ìjọ gbé e wá, ojú wọn ò dùn.

Nígbà tí àwọn ilé tó ń bọ Ògún náà ní kí a fún àwọn lájá, ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Gbogbo wa la mọ ohun tí Ògún ń jẹ. Baálé wọn gbọ́, ó wá bá ìgbìmọ̀, ó dúró láìjókòó. Ó ní, "Ajá tí a ó fi bọ Ògún, ọjà la ti ń rà á. Ògún kì í jẹ ohun tí a he." Ó mú mẹ́ta. Ó ń ṣa eégbọn lára wọn fúnra rẹ̀, ó ń fi epo pa wọ́n lára, kò sì sí ajá kankan nílùú wa tó sanra tó tirẹ̀. Sísanra tí wọ́n sanra yẹn ló tún jẹ́ kí àwọn ènìyàn máa kùn sí i.

Ní ọjà kẹta, ọkùnrin kan tí a kò rí rí gun ọ̀kadà wọ̀lú pẹ̀lú àpò ìdọ̀họ mẹ́ta. Ó ní ajá òun mẹ́sàn-án ló sọnù, gbogbo wọn ló sì sá wá sọ́dọ̀ wa. Ó ń nawọ́ sí wọn nídìí àwọn alápatà, "Tèmi nìyẹn, tèmi nìyẹn." Mo bi í pé kí ni orúkọ wọn. Ó ronú. Ó ní Bíńgò ni gbogbo wọn ń jẹ́. A mọ̀ pé ìkòkò ọbẹ̀ ló ń dúró dè wọ́n níbi tó ti wá. Àwọn ọdẹ sìn ín dé ẹ̀yìn ìlú.

Ọjọ́ náà gan-an ni mo jókòó tí mo kọ òfin mi. Lọ́jọ́ ọjà kẹfà, kí gbogbo ajá ìlú wá sí pápá ilé ìwé. Kí ọdẹ di ajá mú lápá kan, kí ẹni tó ní òun ló ni ín dúró lápá kejì, kó pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò gbọdọ̀ súfèé, kò gbọdọ̀ mú oúnjẹ lọ́wọ́. Ajá tó bá jẹ́ orúkọ rẹ̀, tó sì wá, ó nílé. Mo máa kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà, dókítà ẹran máa gún un lábẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Èyí tí kò bá wá, kò nílé nìyẹn. Bàbá Àgbà ka òfin náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n ní, "Òfin nìyí." Inú mi dùn fún odindi ọjọ́ mẹ́ta.

Ohun tí mo gbàgbé kò ju ohun tí ọmọ ọdún márùn-ún mọ̀ nílùú wa lọ. A kì í sọ ajá lórúkọ nítorí ajá. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kò lè sọ sí aládùúgbò rẹ̀ lójú, ajá ló fi ń sọ ọ́. Bí ẹnì kan bá wọ ààlà oko rẹ, o ò ní bá a jà, ìjà ò dára láàrin ọmọ ìyá. O ó wá ọmọ ajá kan, o ó sọ ọ́ ní Mo-rí-ọ-lóko-mi, o ó sì máa pè é wá jẹun nírọ̀lẹ́ tí aládùúgbò rẹ bá jókòó síta. Kò lè sọ nǹkan kan. Ajá lò ń pè.

Bàbá mi ní ajá bẹ́ẹ̀. Nígbà tí bàbá wọn kú, Bàbá Àgbà ló pín oko kòkó tó wà lọ́nà Ìpáò. Wọ́n pín in bí òfin ṣe wí, ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ mú, apá tí odò wà ni wọ́n sì mú. Bàbá mi ni àbíkẹ́yìn, wọn ò tíì ní nǹkan kan, wọ́n ti ń retí pé ẹ̀gbọ́n àwọn yóò ṣe bíi bàbá, yóò fi apá odò sílẹ̀ fún àwọn. Bàbá Àgbà ṣe bí òfin. Bàbá mi kò bá wọn fa nǹkan kan. Wọ́n wá ọmọ ajá pupa kan rà, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ẹ̀gbọ́n-ò-ṣe-bàbá.

Ojúdé kan náà ni ilé àwọn méjèèjì kọjú sí. Nírọ̀lẹ́, bí Bàbá Àgbà bá ti fẹ́ fọwọ́ kan ọbẹ̀, bàbá mi á jáde síta, wọ́n á fa ohùn gùn, "Ẹ̀gbọ́n-ò-ṣe-bàbáááá." Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta, Bàbá Àgbà náà wá ajá tiwọn rà. Jẹ́-n-sinmi ni wọ́n sọ ọ́. Fún ọdún mẹ́jọ, ọ̀rọ̀ tó wà láàrin ọmọ ìyá méjì kò ju "ẹ káàárọ̀" lọ, ajá ló ń bá wọn sọ ìyókù. Àwọn ajá náà fẹ́ràn ara wọn púpọ̀, inú àwo kan ni wọ́n ti ń jẹun.

Ohun tó tún wá burú níbẹ̀ ni pé ohùn kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí wọ́n bá pè mí láti ìta, mi ò mọ ẹni tó pè mí nínú wọn. Mo máa ń sáré jáde, mo máa ń kúnlẹ̀ fún àwọn méjèèjì.

Bàbá mi kú ní ọdún tó ṣáájú ọ̀rọ̀ ajá yìí. Ibà ni, ọjọ́ mẹ́rin péré. Jẹ́-n-sinmi ti kú kí wọ́n tó kú. Ajá bàbá mi a máa lọ pàdé wọn ní gáréèjì nírọ̀lẹ́, bí ọkọ̀ oko bá gbé wọn dé. Ní ọjọ́ kejì tí a sin wọ́n, ó lọ síbẹ̀, kò sì padà wálé mọ́. Ó di ajá gáréèjì. Ìyá mi fi okùn fà á wálé lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó jẹ okùn já lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n wá fi í sílẹ̀, wọ́n ń gbé oúnjẹ lọ bá a ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Ìyá mi kì í pe orúkọ rẹ̀. Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé kó wá dúró ní gáréèjì kó máa pariwo pé ẹ̀gbọ́n ọkọ òun kò ṣe bàbá. Àti pé láti ìgbà tí a ti sin bàbá mi, Bàbá Àgbà ló ń bá wa tún òrùlé ṣe, iṣu oko wọn la sì ń jẹ. "Ìwọ yìí" ni ìyá mi ń pe ajá náà. "Ìwọ yìí, wá jẹun."

Nígbà tó ku ọ̀la kí ó di ọjà kẹfà, mo bá ìyá mi lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Wọn ò wojú mi. Wọ́n ní, "Òfin tí o dá yìí, ṣé o ro ti ajá bàbá rẹ mọ́ ọn?"

Mo ní mo rò ó. Irọ́ ni mo pa.

Wọ́n ṣẹ́ ẹ̀gúsí bíi mẹ́wàá sí i. Wọ́n ní, "Gbogbo wa la ti gbà pé bàbá rẹ ti kú. Òun nìkan ni kò tíì gbà. Bí wọ́n bá yìnbọn fún un lọ́la, kò sẹ́ni tó ń retí ọkọ mi mọ́ láyé yìí." Wọn ò sunkún. Èmi ni mo wọlé lọ sunkún, nítorí ó dùn mí, inú sì ń bí mi sí ọgbọ́n tí mo gbọ́n.

Mo lọ bá Bàbá Àgbà. Mo ní ṣé a ò lè yọ ajá kan sílẹ̀ nínú òfin. Wọ́n ní ajá wo. Èmi náà kò lè dárúkọ rẹ̀ lójú wọn. Wọ́n ní, "Òfin tó bá mọ ojú kì í ṣe òfin." Wọ́n mọ ajá tí mo ń sọ. Mo mọ̀ pé wọ́n mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ kejì, pápá kún. Ìdí òpó bọ́ọ̀lù kan ni àwọn ọdẹ di àwọn ajá mọ́, ìdí òpó kejì ni àwọn olówó ajá tò sí. Tábìlì ìgbìmọ̀ wà láàrin, Bàbá Àgbà jókòó, èmi jókòó tì wọ́n pẹ̀lú rẹ́jísítà. Ìyá kan tó ń ta ata ló bẹ̀rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀, ó pe ajá rẹ̀, "Ẹnu-wọn-ò-sinmi." Ajá sáré wá. Ṣùgbọ́n obìnrin kan tí ilé wọn kọjú síra náà jáde wá láàrin èrò, ó ká gèlè rẹ̀ mọ́dìí, ó ní òun ti ń retí ọjọ́ tí obìnrin yìí yóò sọ ọ́ lójú ìlú. A là wọ́n. Ọkùnrin kan pe Mo-rí-ọ-lóko-mi, àwọn mẹ́rin ni wọ́n bínú kúrò ní pápá, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo ló ń bá wí tẹ́lẹ̀. Ìyàwó kékeré kan pe Ọkọ-ló-fẹ́-mi, ìyálé rẹ̀ sì wà lórí ìlà, ó ń dúró láti pe ajá tirẹ̀. Mi ò ní sọ ohun tí ajá ìyálé ń jẹ́, nítorí ọmọ tí mo bí lè ka ìwé yìí.

Nígbà tí ariwo fẹ́ di ìjà, Bàbá Àgbà lu tábìlì. Wọ́n ní, "Ajá ni wọ́n ń pè. Ẹni tí kì í ṣe ajá, kó má jẹ́." Láti ìgbà náà, bó ti wù kí orúkọ ajá gún ènìyàn tó, ńṣe ló máa wojú ọ̀run. Àwọn tó kàn gba ajá sílé ní oṣù yẹn tí wọn ò fẹ́ ìjàngbọ̀n ti sọ tiwọn ní Bíńgò. Nígbà tí Pasítọ̀ pe Bíńgò, ajá méje ló já okùn tí wọ́n sì sáré bá a. Ìṣẹ́jú márùn-ún la fi yà wọ́n.

Ajá mẹ́ta ni kò jẹ́ orúkọ tí wọ́n pè wọ́n. Àwọn olówó wọn bẹ̀bẹ̀. Bàbá Àgbà ní òfin ni. Ọdẹ mú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sídìí igi tíìkì.

Ìyá mi ló kàn. Àwọn ọdẹ ti lọ fi okùn mú ajá pupa wá láti gáréèjì, ó dùbúlẹ̀ sídìí òpó, ó gbórí lé ẹsẹ̀. Ìyá mi ní, "Ìwọ yìí, wá." Ajá gbójú sókè, ó wo ọwọ́ ìyá mi, kò rí àwo, ó tún gbórí lélẹ̀. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kejì. Kò mira.

Bàbá Àgbà ní, "Ìyàwó, orúkọ ni òfin wí. Ẹ pe orúkọ rẹ̀."

Ìyá mi kúnlẹ̀ sórí koríko. Wọ́n ní, "Baba mi, n kò lè pè é."

Gbogbo pápá ló mọ ìdí tí wọn ò fi lè pè é. Mo fi bírò sílẹ̀, mo dìde, mo ní èmi náà lọmọ olówó ajá, mo sì pè é. Mo pe gbogbo rẹ̀ láìfo ọ̀rọ̀ kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí mò ń jẹ iṣu wọn. Ajá na etí. Ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ni mo wà nígbà tó ń dàgbà, kò mọ ohùn mi. Ó tún gbórí lélẹ̀. Ìgbà kẹta ti pé nìyẹn. Olórí ọdẹ na ọwọ́ sí okùn.

Bàbá Àgbà ní, "Dúró." Wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n gbé e lé orí rẹ́jísítà mi. Wọ́n rọra rìn lọ sídìí òpó kejì, wọ́n kọjá lára ìyá mi, wọ́n yíjú padà, wọ́n sì fi fìlà wọn sápò. Lójú gbogbo ìlú, wọ́n fa ohùn gùn bí bàbá mi ṣe máa ń fà á, "Ẹ̀gbọ́n-ò-ṣe-bàbáááá."

Ohùn bàbá mi ni.

Ajá náà dìde kí ohùn tó tán. Ó sáré dé ọ̀dọ̀ wọn, ó gbóòórùn ẹsẹ̀ wọn, ó lọ wo ẹ̀yìn wọn bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀. Kò rí ẹnì kankan. Ó padà wá síwájú, ó wo ojú wọn títí, ó wá jókòó lé ẹsẹ̀ wọn.

Bàbá Àgbà kọjú sí mi. Wọ́n ní, "Akọ̀wé, kọ ọ́ sílẹ̀."

Mo ní, "Ìgbà kẹta ti kọjá, sà." Mi ò mọ ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́. Ó jọ pé mo fẹ́ kí ẹnì kan fi òfin náà nà mí.

Wọ́n ní, "Mo gbọ́. Àwọn mẹ́ta tó wà nídìí igi yẹn náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún wọn pè."

Wọ́n tún wọn pè, méjì jẹ́. Baálé ilé Ògún ní kí wọ́n fún òun ní ẹ̀kẹta. Nígbà tí mo padà sórí ajá pupa, mo kọ orúkọ rẹ̀. Ìwé ń bèèrè ilé tó ń gbé. Mo ní, "Ilé wo ni kí n kọ, sà?"

Wọ́n wo ìyá mi, tí wọ́n ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Bàbá Àgbà ní, "Ulé wa."

Ajá náà gbé ọdún mẹ́rin sí i. Kò padà sí gáréèjì mọ́, ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe Bàbá Àgbà ló pè é, kò ní wá jẹun. Nítorí náà, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, ìyá mi á bu oúnjẹ sínú àwo, bàbá arúgbó tó ti lé ní àádọ́rin ọdún á jáde sójúdé, wọ́n á kéde fún gbogbo àdúgbò pé ẹ̀gbọ́n ò ṣe bàbá. Wọn ò fún wa ní apá odò. Òfin ni òfin. Lọ́jọ́ ìdána mi, nígbà tí àwọn ará ilé ọkọ ní àwọn fẹ́ rí bàbá ìyàwó, Bàbá Àgbà dìde, ajá náà sì dìde pẹ̀lú wọn. Gbogbo ará ilé wa ló mọ orúkọ ajá yẹn, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.